Ta Ló Tẹ Ẹ̀yìn Àwẹ̀ró?

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, tí ẹ ká ẹ̀yìn bí ìgbín, tí ẹ na ọrùn síwájú bí adìyẹ tó ń mu omi, ta ló kọ́ yín ní ìjókòó yẹn?

Ẹ kò lè dáhùn. Ó dáa. Ẹ na ẹ̀yìn yín. Ìwọ tí o fara ti òpó, kúrò lára òpó. Orin wà nínú eléyìí, ẹni tó bá ká àyà mọ́ra kò ní rí ohùn fi gbe ègbè.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o!

Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó ru ìkòkò, ó gun òkè, kò fi ọwọ́ dì í mú. Ó rìn, ó rìn, ó rìn, ó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ Àjíún.

Ní ayé àtijọ́, kí ẹ̀rọ omi tó dé, kí ike tó dé, ìlú kan wà lórí àpáta. Ìpolé-Àpáta ni wọ́n ń pè é. Adúgbò méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Òkè-Àgbá, èkejì ń jẹ́ Ìsàlẹ̀-Ìrókò. Odò wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ yín á máa gbọ̀n.

Àárọ̀ ìgbà yẹn dùn. Kí oòrùn tó yọ, ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin lójú ọ̀nà odò. Wọn á tò tẹ̀lé ara wọn, ìkòkò lórí, òṣùká lábẹ́ ìkòkò, ìrì lẹ́sẹ̀. Òórùn amọ̀ tútù á gba ojú ọ̀nà kan. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ di ìkòkò mú. Ọwọ́ wà fún ọ̀rọ̀ sísọ nígbà yẹn. Ẹni tó wà níwájú á bú ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn á dá a lóhùn, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, omi kò ní ta sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á gbẹ. Ìsun kan péré ló máa ń kù fún gbogbo ìlú, lábẹ́ àpáta, tí omi rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láàárọ̀ á pọn omi tó mọ́ kedere. Ẹni tó bá dé tẹ̀lé e, ẹrẹ̀ ni yóò bù lọ sílé. Kí wọ́n má baà máa ti orí omi pa ara wọn, àwọn baba ńlá wọn dá eré kan sílẹ̀. Eré Ìkòkò ni orúkọ rẹ̀. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, adúgbò kọ̀ọ̀kan á yan ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà á pọn omi kún ìkòkò lódò, á gbé e rù, á sáré gun òkè wá sí iwájú ilé Baálẹ̀. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò. Omi kò gbọdọ̀ fà kúrò ní ọrùn ìkòkò. Adúgbò ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò máa kọ́kọ́ pọn ìsun ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà.

Ẹ rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé. Omi ìmu ni.

Àwẹ̀ró ló ń sáré fún Ìsàlẹ̀-Ìrókò. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìyá àgbà rẹ̀, Àjíún, ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀yìn Àjíún ti tẹ̀ bí ẹ̀rúkọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ nàró bí ọ̀pẹ tó dá dúró sáàárín oko. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kò kọ́ ọ. Lékeléke ló wò.

Lékeléke kan wà létí odò, funfun báláú, tó máa ń fi ẹsẹ̀ kan dúró sínú omi láti àárọ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró ṣì kéré, tó jẹ́ agbè kékeré ló ń rù, ó bi í léèrè.

Ó ní, "Lékeléke, báwo lẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró tí ẹ kì í ṣubú?"

Lékeléke ní, "Mo to ara mi ni. Ohun tó wà lókè, mo gbé e lé ohun tó wà nísàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ kọ́ mi."

Lékeléke kọ́ ọ lórin. "Ìkòkò kò mì" ni ègbè yín. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa.

Àwẹ̀ró, gbéra nílẹ̀ —
— Ìkòkò kò mì.
Gbé orí lé ọrùn —
— Ìkòkò kò mì.
Gbé ọrùn lé èjìká —
— Ìkòkò kò mì.
Gbé èjìká lé ìbàdí —
— Ìkòkò kò mì.
Òkè ń bẹ níwájú o —
— Ìkòkò kò mì, omi á délé.

Ọdún kìíní tí Àwẹ̀ró sáré, ó gba iwájú. Ọdún kejì, ó tún gbà á. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni Ìsàlẹ̀-Ìrókò fi mu omi tó mọ́. Àwọn abiyamọ ń fi omi mímọ́ wẹ ọmọ. Àwọn àgbàlagbà ń bu omi mu lórí ìjókòó, wọ́n ń pọ́n ẹnu lá. Èmi náà mu omi àmù nígbà èwe mi. Ó máa ń tutù dé eyín. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, itọ́ á dà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Kò burú.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró di ọmọge. Ìdúró rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń yin ọmọdé, wọ́n fi ń bú ọmọge.

Bàbá kan wà tó ń hun apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó ní, "Ọmọ yìí kì í wolẹ̀."

Obìnrin kan wà tó ń fọ epo. Ó ní, "Ọmọ ọmọ Àjíún ń rìn bí ẹni pé òun ló la ọ̀nà yìí."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lódò. Wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, kí lò ń wò lójú ọ̀run? Sọ fún àwa tá a kúrú."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Kò kà á sí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fà á létí díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹni náà ní, "Rẹ ara rẹ sílẹ̀. Wọ́n ń pè ọ́ ní agbéraga. Ta ni yóò wá fẹ́ agbéraga? Bí o bá ń kọjá níwájú àgbà, tẹ orí rẹ ba. Ká àyà rẹ mọ́ra. Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ tó bẹ́ẹ̀."

N kò ní dárúkọ ẹni náà fún yín báyìí. Ẹ ṣe sùúrù.

Àwẹ̀ró fẹ́ràn ẹni náà. Ohun tí ẹni náà bá sọ, abẹ gé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbin iṣu, orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wálẹ̀. Nígbà tí àgbàdo gbó, àyà rẹ̀ wọnú. Nígbà tí òjò ń lọ sópin, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iwájú àgbà nìkan ló ti ń ṣe é. Nígbà tó pẹ́, ó ń ṣe é níbi tí kò sí àgbà. Ó ń ṣe é níbi tó ti ń lọ ata. Ó ń ṣe é lójú oorun pàápàá.

Inú ìlú dùn. Bàbá alápẹ̀rẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró ti gbọ́n." Obìnrin elépo ní, "Àwẹ̀ró ti ní ìtẹríba." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró ti di ènìyàn bíi tiwa."

Ó wá ku oṣù kan kí wọ́n sá Eré Ìkòkò. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò rù, ó fẹ́ fi dánra wò. Kò tíì dé ìdí igi ìyeyè tó wà lójú ọ̀nà tí ọrùn fi ń dùn ún. Ní ọjọ́ kejì, ìbàdí rẹ̀ gan. Ní ọjọ́ kẹta, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀ lójijì, ìkòkò já bọ́, ó fọ́. Omi ṣàn padà lọ sí odò tó ti wá.

Wọ́n gbé e délé. Ìyá àgbà rẹ̀ fi òrí pa á, ó fi omi gbígbóná jó orúnkún náà. Bí ó ti ń jó o ni omijé ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Ìyá àgbà, ẹ má sunkún, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀." Ó ń parọ́. Ó dùn ún.

Ìsàlẹ̀-Ìrókò dà gìrì. Wọ́n ní ọ̀nà ni kò dára, wọ́n gbá ọ̀nà láti odò dé òkè. Àwẹ̀ró tún ṣubú. Wọ́n ní òṣùká ni kò dára, wọ́n wé òṣùká tuntun. Àwẹ̀ró tún ṣubú. Wọ́n ní ìkòkò ni kò dára, wọ́n pààrọ̀ ìkòkò. Àwẹ̀ró tún ṣubú.

Nígbà tí nǹkan tí wọ́n lè pààrọ̀ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn.

Akínbọ̀dé ni olórí adúgbò náà. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi ìpàdé. Ó ní, "Ta ló ń mọ ìkòkò tá à ń rù?"

Wọ́n ní, "Ìyá Alámọ̀ ni."

Ó ní, "Adúgbò wo ló ń gbé?"

Wọ́n ní, "Òkè-Àgbá."

Ó ní, "Ta ni yóò sáré fún Òkè-Àgbá lọ́dún yìí?"

Wọ́n ní, "Àbẹ̀jẹ́ ni, ọmọ Ìyá Alámọ̀."

Akínbọ̀dé pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́? Ó ti fi nǹkan sínú amọ̀. Bí ọmọ wa bá ṣubú lọ́jọ́ eré, obìnrin yẹn yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìlú yìí."

Wọ́n sì lọ ra ìkòkò mìíràn fún Àwẹ̀ró nílùú mìíràn. Ìyá Alámọ̀ ló mọ ìkòkò kékeré àkọ́kọ́ fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò gba nǹkan kan. Àwẹ̀ró mọ ọ̀rọ̀ tó tẹ òun. Ó mọ ẹnu tó ti jáde. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dárúkọ ẹni tó fẹ́ràn láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ó wo ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá àgbà ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, Àwẹ̀ró lọ sódò lóun nìkan. Lékeléke wà níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró.

Lékeléke wò ó, wò ó, wò ó. Ó ní, "Ìwọ ta ni?"

"Èmi Àwẹ̀ró ni."

"Irọ́ lò ń pa. Àwẹ̀ró tí mo mọ̀ ní ọrùn. Ìwọ, ta ló jí tìrẹ lọ?"

Àwẹ̀ró jókòó sórí òkúta, ó bú sẹ́kún. Lékeléke kì í pẹ́ lórí ẹkún. Ó ní, "Dìde. Gbé ìkòkò rù. Wo òjìji rẹ nínú omi. Níbo ni ìkòkò wà?"

Àwẹ̀ró wò ó. Ó ní, "Ó wà níwájú ẹsẹ̀ mi."

Lékeléke ní, "Ìkòkò ń fà ọ́ síwájú, ẹ̀yìn rẹ ń fà ọ́ padà, orúnkún rẹ ló wà láàárín wọn tó ń jìyà. Kò sí nǹkan kan nínú amọ̀. To ara rẹ bí o ti ń tò ó tẹ́lẹ̀."

Àwẹ̀ró nàró. Ó dùn ún bí ẹni ń ya aṣọ tí wọ́n ti rán pọ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò dákẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan, kò mì. Ó gbé méjì, kò mì. Ó gbé mẹ́ta, kò mì. Ó rẹ́rìn-ín.

Lékeléke kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oṣù mẹ́fà lo fi kọ́ ara rẹ ní títẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún ọ. Bí o bá ń ronú sí i, o máa nàró. Bí o bá gbàgbé, ara rẹ yóò rántí tirẹ̀. Ta ló tiẹ̀ ní kí o tẹ̀?"

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ eré pé. Gbogbo ìlú jáde. Àwẹ̀ró àti Àbẹ̀jẹ́ dúró létí odò, olúkúlùkù pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé.

Àbẹ̀jẹ́ ní, "Ṣé o máa sáré lónìí, àbí kòkòrò lo fẹ́ máa wá nílẹ̀?"

Àwẹ̀ró ní, "Máa yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn mi lo máa wò dé òkè."

Àbẹ̀jẹ́ sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá mi kò ṣe nǹkan kan fún ọ. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Tí o bá ṣubú, wọ́n á lé wa lọ."

"N kò ní ṣubú."

Wọ́n gbé ìkòkò rù. Wọ́n gbéra. Ẹ gbè é fún un.

Àwẹ̀ró, gbéra nílẹ̀ —
— Ìkòkò kò mì.
Gbé orí lé ọrùn —
— Ìkòkò kò mì.
Gbé ọrùn lé èjìká —
— Ìkòkò kò mì.

Wọ́n dé ìdí igi ìyeyè, Àwẹ̀ró ti fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú. Ọrùn kò dùn ún. Wọ́n dé ibi òkúta ńlá, ó ti fi ogún ṣáájú. Ìbàdí kò dùn ún. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i láyà, ó dà bí ìgbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó gbójú sókè, ó rí òrùlé ilé Baálẹ̀.

Ó sì rí àwọn àgbà.

Wọ́n jókòó sọ́tùn-ún, wọ́n jókòó sósì, bàbá alápẹ̀rẹ̀, obìnrin elépo, Akínbọ̀dé, gbogbo wọn. Àárín wọn ni ọ̀nà gbà. Wọ́n ń wò ó bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ ló rántí. Orí rẹ̀ wálẹ̀. Àyà rẹ̀ wọnú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ìkòkò yọ̀ síwájú, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó dojú bolẹ̀ níwájú wọn, ìkòkò fọ́ gbàmù.

Àbẹ̀jẹ́ kọjá lára rẹ̀. Kò lè dúró. Omijé wà lójú rẹ̀ bó ti ń kọjá. Ó dé iwájú Baálẹ̀, omi rẹ̀ sì wà ní ọrùn ìkòkò. Bí Òkè-Àgbá ṣe gba ìsun nìyẹn. Ẹrẹ̀ ni Ìsàlẹ̀-Ìrókò yóò máa bù títí òjò yóò fi padà dé.

Akínbọ̀dé fò dìde. Ó ní, "Ẹ mú obìnrin yẹn." Wọ́n di Ìyá Alámọ̀ mú láṣọ. Ó ní, "Kí ni mo ṣe? Kì í tilẹ̀ ṣe èmi ni mo mọ ìkòkò tó rù lónìí, ẹ̀yin lẹ lọ rà á nílùú mìíràn." Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Baálẹ̀ na ọwọ́ sókè. Wọ́n dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró tó di orúnkún rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo rí ọ. Ìwọ lo wà níwájú. O nàró títí o fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló dé tí o fi tẹ̀?"

Àwẹ̀ró ń wo àfọ́kù ìkòkò nílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ pé kí o tẹ̀?"

Àwẹ̀ró kò dáhùn.

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ lé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ kúrò nílùú. Ta ni?"

Àwẹ̀ró mi orí.

Ìgbà náà ni ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Kò ní sọ. Ó fẹ́ràn ẹni náà jù."

Wọ́n yà lọ́nà. Arúgbó kan ń bọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́.

Ó ní, "Nígbà tí bàbá yín wà lórí àga, ọmọbìnrin kan gba eré yìí fún Ìsàlẹ̀-Ìrókò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọrùn rẹ̀ gùn ju ti ọmọ yìí lọ. Wọ́n pè é ní agbéraga. Ó ní kí òun tẹ̀ díẹ̀, pé bí wọ́n bá dákẹ́, òun á padà nàró. Wọn kò dákẹ́. Kò sì lè nàró mọ́. Ẹ̀yìn tí ẹ̀ ń wò yìí, ẹ rò pé ọjọ́ orí ló ká a. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo fà á létí."

Ó ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó na ẹ̀yìn, ibi tó lè nà dé. Egungun rẹ̀ ń dún. Àwẹ̀ró ń wò ó láti ilẹ̀, kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ọ̀nà kọ́. Ìkòkò kọ́. Ìyá Alámọ̀ kọ́. Èmi Àjíún ni mo tẹ ẹ̀yìn Àwẹ̀ró."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le: ọmọ tó nàró kò gbéraga, ara rẹ̀ ló tò dáadáa. Bí ẹ bá tẹ ẹ́ ní àárọ̀, ẹ má wá ẹni tó gbé e ṣubú ní ọ̀sán.

Ibi tí mo ti sọ ẹrù ààlọ́ mi kalẹ̀ nìyí, omi rẹ̀ kò dà. Ẹ dìde, ẹ na ẹ̀yìn yín, ẹ lọ jẹun.